Ohun Mẹ́ta Tí N Kò Sọ fún Ìyé

Ọwọ́ ìyá bàbá mi ṣì gbóná nínú ọwọ́ mi nígbà tí mo sọ lórí fóònù, lókè orí rẹ̀ níbẹ̀, pé: "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́."

Dèbórà Àìná ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Odòlú ní ìlú Kábà. Ìyé ni àwa Owé, ọmọ Kábà, ń pe ìyá, Ìyé náà sì ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́ yìí ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Àbújá. Dókítà ti sọ fún mi láàárọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti kú, pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Sámúẹ́lì, ló pè láti Kábà pé ṣé kí àwọn máa bọ̀. Èsì tí mo fún wọn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń tún aṣọ ibùsùn ṣe wò mí, ó sì jáde.

Ogún ọdún ó lé ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ oníròyìn. Mo ti kọ nípa ìjàǹbá ọkọ̀, nípa ìkún omi, nípa àwọn tí wọ́n jí gbé. Mo ti kọ gbólóhùn burúkú nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè wo ojú àwọn ará ilé wa. Ẹni tó bá mọ irú ènìyàn tí Ìyé jẹ́ yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ìyé kì í sọ̀rọ̀ ẹni níwájú ẹni bí ẹni pé ẹni náà kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá sùn sórí ẹní, tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìwà burúkú rẹ̀, Ìyé á dìde, á ní kí wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé parí ẹjọ́. Bí ó bá fẹ́ jí ènìyàn, kò ní fọwọ́ kàn án kí ó tó pe orúkọ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní agboolé tó tẹ̀ lé tiwa, Bàbá Jémírìn, tí iyè rẹ̀ ti ra pátápátá. Kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kò mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni Ìyé máa ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí oko, á kí i ní "Okun o," ìkíni ilẹ̀ wa, á sọ fún un pé òní ni Ọjọ́rú, pé òjò rọ̀ lánàá, pé iṣu ti ń wú ebè. Ìyàwó ọmọ bàbá náà wí fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ìyé, ẹ kàn ń fi ẹnu yín ṣòfò ni. Kò mọ̀ yín mọ́."

Ìyé ń wá bàtà rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ó kúkú yẹ kí ẹnì kan mọ ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì."

Iṣẹ́ oko ni ó fi tọ́ bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀, iṣu àti ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti Kábà dé Ìyámóyè ni wíwẹ òkú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, òun náà kọ́ obìnrin kan tí ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, Ìyé Ṣéyẹ. Àwọn méjèèjì ni ìjọ máa ń ránṣẹ́ sí bí obìnrin bá kú. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni Ìyé máa ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé á ní kí ni òkú fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe. Á ní, "Ẹni tó ń lọ sínú ilẹ̀ tútù, ẹ tún fẹ́ fi omi tútù bẹ̀rẹ̀ fún un?"

Kí wọ́n tó bu omi, ìbéèrè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ bi àwọn ará ilé: "Ta ló sọ fún un?" Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Èmi ni." Ohun mẹ́ta ni ẹni náà gbọ́dọ̀ ti sọ sí etí òkú: pé ó ti kú, ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀, àti ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí. Bí kò bá sí ẹni tó tíì sọ ọ́, Ìyé fúnra rẹ̀ á sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ ọ́. Bí Ìyé Ṣéyẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹni tí wọ́n bá sọ fún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń lé e ni.

Gbogbo Kábà kọ́ ló mọ àṣà yìí. Mo wádìí rẹ̀ káàkiri, mo dé Ìkòyí ní Ìjùmú, ọ̀pọ̀ àgbà ló ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ Ìyé ló ti wá. Ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti rí i, n kò mọ̀.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí òkú tí wọn kò bá sọ fún. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ó ní, "Á padà wálé. Kò sáà mọ̀ pé òun kú. Á kí yín, ẹ ò ní dáhùn. Á bi yín léèrè nǹkan, ẹ ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò ní ronú ikú rárá. Ohun tí yóò rò ni pé ẹ ń bá òun yodì."

Ọjọ́ tí mo bi í yẹn, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi wà láàárín wa. Mo wá láti Àbújá láti kọ nípa rẹ̀ ni. Mo sọ èrò tèmi fún un láìfi bò. Mo ní, "Ìyé, inú ọpọlọ ni gbogbo ohun tí ènìyàn mọ̀ wà. Bí epo bá tán nínú fìtílà, ṣé a máa ń béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbà lọ?"

Ó ní, "A kì í béèrè."

"Ẹ ò rí i."

"Ṣùgbọ́n fìtílà kì í mọ̀ pé òun ń tàn. Ìwọ mọ̀ pé o ń tàn. Ṣé o mọ ìgbà tí oorun gbé ọ lọ lóru àná?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ ìgbà tí ìwọ alára sùn, o wá fẹ́ sọ fún mi ìgbà tí ẹlòmíràn parí."

Ni mo bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé dé Àbújá, tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ojú ìwé méjì ni, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti di abọ́ mú. Mo pè é ní ìyá àgbà tí òkú kì í dá lóhùn. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé kan ní àdúgbò ló kà á fún un, ó túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo tún dé Kábà, ó bu oúnjẹ fún mi, ó dúró kí n jẹun tán. Ó ní, "O kọ ọ́ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ohun tí mo sọ ni kò sí níbẹ̀."

Pásítọ̀ ìjọ wa náà bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Kábà nígbà náà, ó sì gbọ́ pé àwọn obìnrin ìjọ ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ó pe Ìyé lẹ́yìn ìsìn, ó fi ẹsẹ Bíbélì kan hàn án tó wí pé òkú kò mọ nǹkan kan. Ìyé ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà.

Ìyé ní, "Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ti kú nígbà tó kọ ọ́?"

Pásítọ̀ ní, "Màmá, Ẹ̀mí Mímọ́ ló mí sí i."

"Mi ò bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wò ó: bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, ẹnu tèmi nìkan ló gbẹ. Bí mo bá dákẹ́, tó sì ń gbọ́ ńkọ́?"

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn aṣáájú obìnrin fún oṣù mẹ́ta. Ó jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ní gbogbo oṣù náà, kò pa ìsìn kan jẹ. Láàárín ìgbà yẹn, ìyá pásítọ̀ kú ní Igbaruku. Ẹni tí pásítọ̀ ránṣẹ́ pè láti wẹ̀ ẹ́ ni Ìyé. Ìyé Ṣéyẹ, tó bá a lọ, sọ fún mi pé pásítọ̀ dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà tí Ìyé ń sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò wọlé, kò sì lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ìyé Ṣéyẹ ní kí Ìyé fi pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ìyé ní, "Ìyá rẹ̀ ló kú. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ fún ọjọ́ kan."

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí Ìyé ṣe láyé, n kò ní mú ìjà yẹn. Ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ ni n ó mú.

Bọ́sẹ̀ ti di àgbàlagbà báyìí, ó ń ta fóònù ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ń bí i. Ìkòyí ni ilé ọkọ ìyá náà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú lọ. Ọmọ tuntun náà wà ní Kábà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ń fún un ní mílíìkì. Ìyé dé, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọkọ olóògbé ní òun ti sọ fún un, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyé bu omi. Ó ti wẹ ojú àti ọrùn kó tó béèrè pé, "Ṣé ẹ sọ fún un pé ọmọ yè?"

Kò sí ẹni tó rántí. Nínú ìbànújẹ́ wọn, wọ́n ti sọ ikú, wọ́n ti sọ ibojì, wọn kò sọ pé ọmọ wà láàyè.

Ìyé fi aṣọ bò ó. Ó ní òun kò lè máa bá a lọ títí wọn ó fi gbé ọmọ náà wá. Wọ́n ní wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, pé àwọn ará ìjọ ti dé. Ó ní òun rí wọn. Àgbà ilé kan gbaná jẹ, ó ní, "Ìyé, òkú ni obìnrin yìí. Ọmọ wo ló fẹ́ wò?" Ìyé jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé e. Ẹ lè dúró di ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n rán ọ̀kadà lọ sí Kábà. Ìgbà tí oòrùn ń rọ̀ ni wọ́n gbé ọmọ dé. Ìyé tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá rẹ̀, ní apá etí. Ìyé Ṣéyẹ ṣì rántí ọ̀rọ̀ náà bí ó ti sọ ọ́: "Ọmọ rẹ rèé. Obìnrin ni. Ó ń mu mílíìkì dáadáa, ó sì ń sunkún bí ọmọ gidi." Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, ó bu omi, ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo lọ bá Bọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo bi í ní ìbéèrè tí gbogbo oníròyìn máa bi í: ṣé ó gbà pé ìyá òun gbọ́? Ó ń fi rọ́bà bo ojú fóònù kan fún oníbàárà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí Dúpẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n fi mí hàn án. Àwọn kan ń gbé ayé wọn láìní ìyẹn."

Lẹ́yìn tí mo ti kọ ìròyìn tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ní ọdún kan náà, Ìyé gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. A wà ní oko, à ń gbé iṣu sínú agbọ̀n. Ó ní bí ó bá kan òun, èmi ni kí n sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún òun. Mo ní kí ló dé tí kò yan Ìyé Ṣéyẹ tàbí Bàbá Sámúẹ́lì, àwọn tó gbà á gbọ́. Ó ní Ìyé Ṣéyẹ máa sunkún ju ọ̀rọ̀ lọ, Sámúẹ́lì sì máa gbàgbé ọ̀kan. Ó wá ní, "Ìwọ lò ń sọ ìròyìn fún àwọn tí kò bí ọ. Kí tèmi náà ti ẹnu rẹ wá. Mi ò ní kó o gbà á gbọ́. Ṣáà sọ ọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyé."

Ó ṣubú nínú ilé ìdáná ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Èmi ni mo fi dandan lé e pé kí wọ́n gbé e wá sí Àbújá. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Mo tan iná sí ojú wọn, ẹyinjú kò súnkì. Mo da omi tútù sí etí wọn, ojú kò mira. A dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀, wọn kò mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, ohun kan náà ló rí."

Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé kò gbọ́ nǹkan kan?"

"Ọpọlọ yìí kò lè gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyẹn dá mi lójú."

"Ìyá fúnra wọn ńkọ́?"

Ó ní, "Ọpọlọ ni wọ́n kọ́ mi. Bí ìyá bá wà níbòmíràn, mi ò ní irinṣẹ́ tó dé ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó láti rán mi létí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo rántí rẹ̀. N kò ní parọ́ pé mo gbàgbé. Mo jókòó ti ibùsùn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo la ẹnu. Nọ́ọ̀sì sì wà nínú yàrá, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ojú rẹ̀ ló tì mí. Mo rò ó pé yóò máa wo oníròyìn tó ń sọ fún òkú pé ó ti kú. Mo pa ẹnu dé. Ìgbà náà ni fóònù dún.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà padà wọlé, ó sún mọ́ ibùsùn, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ yí yín sí ẹ̀gbẹ́ òsì o. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi tutù." Ó yí i. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, jẹ́ẹ́jẹ́, pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Ó ní, "Àǹtí, a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú yàrá. Ìta la ti ń gba irú fóònù bẹ́ẹ̀."

Bàbá Sámúẹ́lì àti àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i lórí fóònù pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ. Èmi ni mo fi bírò fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yọ ọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi wo ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé e gba Lọ́kọ́ja àti Ọ̀bàjànà wálé, lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì, tààrà sí mọ́ṣúárì kan ní Kábà. Ìyé Ṣéyẹ ti ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì gbà kí ó wẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó fún òkú ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ojú Ìyé Ṣéyẹ ti wú fún ẹkún. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ta ló sọ fún un?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ìyé."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti ń sọ ọ́ pé ìwọ ló máa sọ ọ́."

Ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń sọ bí ó ṣe ń gbé apá àti bí ó ṣe ń yí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò sọ ohun mẹ́ta náà, nítorí a kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo ń bu omi fún un. Bí mo bá ti dákẹ́ lásán, òun ì bá sọ ọ́. Irọ́ tí mo pa ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé e mọ́ra. Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo ń kọ ìròyìn. Mo ń sọ fún ara mi pé ọpọlọ ti kú, pé ẹni tí n kò sọ fún kò sí níbẹ̀ tí yóò fi mọ̀ pé n kò sọ fún un. Àlàyé náà gún régé. Ibi tó ti dàrú ni pé ìtìjú mi kò gbọ́ àlàyé. Mo bi ara mi pé, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ojú ta ló ń tì mí? Kì í ṣe ojú dókítà, kò mọ nǹkan kan. Kì í ṣe ojú Ìyé Ṣéyẹ nígbà náà, ó ti gbà mí gbọ́. Ojú Ìyé ló ń tì mí. N kò lè ṣàlàyé bí ojú ẹni tí kò sí ṣe ń tini. N kò sọ pé ó jẹ́ ẹ̀rí. Mo kàn ń ròyìn rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo wá sí Kábà, mo sọ ọ́ fún Ìyé Ṣéyẹ ní ilé rẹ̀. Ó ń ha iṣu. Kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ha iṣu náà tán, ó gé e sínú omi, ó nu ọwọ́. Mo ti ń retí kí ó bú mi. Ohun tí ó sọ ni pé, "Láti ọjọ́ yẹn. Nínú òtútù ibẹ̀ yẹn. Tí ó ń rò pé gbogbo wa ń bá òun yodì."

Ó sunkún díẹ̀. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè rẹ̀, ó ní kí n dìde, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sámúẹ́lì. Èmi náà ni ó ní kí n tún un sọ, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo tún un sọ. Ọmọ wọn àgbà, tí ó máa ń fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi. Bàbá Sámúẹ́lì béèrè ohun kan péré: "Nígbà tí mo pè ọ́, tí mo ní ṣé ká máa bọ̀, ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo wà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, bàbá."

Ó ní, "Ọlọ́run ò. Ó gbọ́ pé o ní ká má wá."

Àwọn àgbà ìdílé jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ìsìnkú kò yí padà, ọjọ́ Ẹtì yìí náà ni. Wọ́n ní kí wọ́n tó dé pósí, n ó wọlé tọ̀ ọ́ nínú mọ́ṣúárì. Irọ́ tí mo pa ni n ó kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù, kí n tó wá sọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyé Ṣéyẹ ni yóò dúró gbọ́. Bí ó bá ní n kò sọ ọ́ tán, n kò ní bá àwọn ọmọ-ọmọ da yèpẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ mú ìwé dání.

Pásítọ̀ ní ìjọ kò ní kọ eléyìí sínú ètò ìsìn, ìjọ kò sì ní dí i lọ́wọ́. Ó ní òun yóò wà ní ìta, pé ìsìn kò ní bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi jáde.

Ọ̀gá mọ́ṣúárì ní oògùn ti wà lára òkú, nítorí náà kò sí omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé e. Òun yóò ṣí aṣọ kúrò lójú àti etí nìkan. Aago méje àárọ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fún wa, torí ìdílé méjì mìíràn ń bọ̀ wá gbé òkú tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Mo bi í bóyá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò wà nínú yàrá nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, méjì nínú wọn, iṣẹ́ wọn ni.